Ewéko Tí Kò Bẹ̀rù Ẹnubodè

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìtàn ewéko kan tí ó bo ojú omi wa láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn fi òtítọ́ òwe yìí hàn. Water hyacinth ni àwọn òyìnbó ń pè é. Kì í ṣe ojú oró, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òṣíbàtà, tí àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́. Àlejò ni. Agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ dùn ún wò, ẹwà yìí gan-an ni ó sì mú kí àwọn ènìyàn máa gbé e kiri ayé.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé níbi ìpàtẹ ńlá kan ní ìlú New Orleans ní ọdún 1884 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbà á lọ sílé fún ọ̀ṣọ́. Kò pẹ́ tí ó fi dí odò Louisiana àti Florida pa. Ọdún 1899 ni òfin tó jáde pé kí ìjọba náwó lé e lórí láti kó o kúrò. Ní ọdún 1910, aṣòfin kan tí ń jẹ́ Robert Broussard tilẹ̀ dábàá pé kí wọ́n kó erinmi wá láti ilẹ̀ Áfíríkà kí ó máa jẹ ewé náà. Àbá náà kò di òfin.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìpàtẹ New Orleans ni ó kàn wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ Nàìjíríà pa nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n rí ewéko yìí nínú omi Àgbádárìgì. Láti ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ó ti léfòó wá. Àwọn aṣọ́bodè ń ṣọ́ títì. Àlejò gba ojú omi wọlé.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Láti ọdún 1959 ni òfin kan ti fún ìjọba lágbára láti ṣàkóso ohun ọ̀gbìn tí ó ń ti òkèèrè wọlé, kí kòkòrò àti àrùn má baà tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ẹrù ni irú òfin bẹ́ẹ̀ lè dá dúró. Ewé tí ó ń léfòó kò ní olówó, kò sì sí ẹni tí a ó bi léèrè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ewé yìí lè di ìlọ́po méjì. Láti Èkó ó bọ́ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, ó sì tàn dé agbègbè Niger Delta. Ó ń dènà ọkọ̀ ojú omi, ó ń fa àwọ̀n ya, ó sì ń gba atẹ́gùn mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ní ọdún 1997 ni ìjọba dá àjọ NIWA sílẹ̀ fún àbójútó ojú ọ̀nà omi, kíkó ewé yìí kúrò sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ti kọjá lọ nígbà náà. Ní Bẹ̀nẹ̀, àjọ IITA, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1991 láti tú kòkòrò kékeré kan sínú omi, èyí tí kì í jẹ ohun mìíràn ju ewé yìí lọ. Kòkòrò náà dín in kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò pa á run.

Níbo ni èyí ti wá kan ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré? Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tí ó gba ilẹ̀ Ìsẹ̀ kọjá, ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù, sí ìpínlẹ̀ Oǹdó. Omi kì í ṣàn gun òkè, nítorí náà ewé etíkun kò lè fúnra rẹ̀ léfòó dé gúúsù Èkìtì. Bí yóò bá dé ibẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni yóò gbé e: ọwọ́ ẹni tí òdòdó rẹ̀ wù, tàbí ti ẹni tí ó ra ọmọ ẹja láti ọ̀nà jíjìn, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì bá omi inú ike wọlé. Bí ó bá sì fi ibẹ̀ ṣe ilé, ìyọnu rẹ̀ lè ju ti Èkó lọ. Ní Èkó, iyọ̀ òkun máa ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi òkè kò ní iyọ̀.

Nítorí náà, ohun tí òfin kò lè ṣe ní Àgbádárìgì, ó lè ṣe é ní Èkìtì, nítorí pé níbẹ̀, a rí ẹni tí a lè bi léèrè. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹja àti iṣẹ́ àgbẹ̀ máa yẹ ibi tí a ti ń ta ọmọ ẹja àti òdòdó wò, kí wọ́n sì kọ́ àwọn asìnja bí wọn yóò ṣe dá ewé yìí mọ̀. Nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ ìdì kan nínú adágún, ọmọdé lè fi ọwọ́ fà á tu. Bí ó bá ti bo odò, owó ìjọba kì í tó o mọ́.