Ìbúra Mẹ́ta inú Orin Sólómọ́nì

Orí 8 péré ni Orin Sólómọ́nì inú Bíbélì, ẹsẹ 117. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin inú rẹ̀ mú àwọn ọmọbìnrin Jerúsálẹ́mù búra, ní orí 2, orí 3 àti orí 8, pé wọn kò ní jí ìfẹ́ lójú oorun títí yóò fi wù ú láti jí.

Kì í ṣe ẹni tí ìfẹ́ ti tutù lára rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní orí 2, apá olólùfẹ́ rẹ̀ ló fi ṣe ìrọ̀rí. Ní orí 3, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lẹ́yìn tó ti wá a káàkiri ìlú lóru. Àárín adùn gan-an ló ti ń kìlọ̀.

Egbin àti àgbọ̀nrín ló fi mú wọn búra nígbà méjì àkọ́kọ́. Yorùbá tó ń fi arẹwà wé egbin yóò tètè mọ ìdí. Àwọn onímọ̀ kan ní orúkọ ẹranko méjèèjì tún jọ orúkọ Ọlọ́run létí Hébérù. Ní ìgbà kẹta, kò dárúkọ ẹranko kankan mọ́.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tó lò fún ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ jí, ahavah, ìfẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Àwọn ìtumọ̀ kan sọ ọ́ di olùfẹ́, bí ẹni pé ọkùnrin kan ló ń sùn. Mo gbà pé ìfẹ́ ló ń wí, ohun tó ní ìgbà tirẹ̀ bí irúgbìn. Abájọ tí olólùfẹ́ méjèèjì fi ń lọ wò ó nínú ọgbà bóyá àjàrà ti rúwé! Ṣùgbọ́n sùúrù yìí kì í ṣe ìlọ́ra: ní orí 5, obìnrin náà pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn fún olólùfẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ti lọ, àwọn olùṣọ́ sì lu obìnrin náà nígbà tó ń wá a.

Orúkọ Sólómọ́nì ló wà lórí ìwé náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ Páṣíà tó wà ní orí 4 mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó dé ìrísí tó wà yìí lẹ́yìn ayé ọba náà. Wọ́n rí àjákù ìwé kíká rẹ̀ mẹ́rin nínú ihò àpáta Qumran, lẹ́bàá Òkun Òkú. Rábì Akiva, tó kú ní nǹkan bí ọdún 135 Sànmánì Tiwa, pè é ní mímọ́ jùlọ nínú àwọn Ìwé Mímọ́, ó sì bínú sí àwọn tó ń kọ ọ́ bí orin ilé ọtí.

Ọ̀pọ̀ Júù ń kà á títí dòní nígbà Àjọ Ìrékọjá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Ísírẹ́lì, tí òdòdó sì ń tanná.