Ta Ni Yóò Kì Ìbọn Napoleon Lédè Ànàgó?

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta nínú eré ogun orí kọ̀ǹpútà: charger. Bí ọmọ ogun bá ń da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, òun ni wọ́n fi ń pe ohun tó ń ṣe. Ẹlẹ́ṣin tó yọ idà tó ń bọ̀ wá bá ọ̀tá, òun náà ni. Kọ̀ǹpútà tó ń kó àwòrán àti ìró jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ Pobẹ̀ tàbí Ṣakẹ́tẹ́ ní Benin tó ka ìwé ní Faransé kò ní rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà, tó fẹ́ ròyìn ohun tó ń ṣe nídìí ẹ̀rọ fún un ní Ànàgó, Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan yẹn á pín sí mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀: ọmọ ogun ń kì ìbọn, ẹlẹ́ṣin ń rọ́ lu ọ̀tá, kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù rẹ̀ wọlé.

Àwọn tó máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ibí yìí wò. Ní ti ogun ayé Napoleon, èdè wa ló lọ́rọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìbọn olókùúta tí àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ sí Waterloo ní 1815, ẹ̀yà kan náà ni pẹ̀lú ṣakabùlà tí àwọn oníṣòwò òkè òkun ń kó wá sí etíkun wa láyé ìgbà yẹn. Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń kì í, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, wọ́n sì mọ bí ẹ̀tù tí òjò pa ṣe ń dójú ti jagunjagun.

Kí ni iṣẹ́ tí à ń wí gan-an? Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣe eré ogun Napoleon fún kọ̀ǹpútà. Battleground: Waterloo jáde ní 1996, Cossacks II tí wọ́n ṣe ní Ukraine jáde ní 2005, Napoleon: Total War tí ilé iṣẹ́ Creative Assembly ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 2010. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn ìtàn, wọn kì í jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á tú àpò fáìlì rẹ̀, wọ́n á tún aṣọ ọmọ ogun kùn kó lè bá ìtàn mu, wọ́n á yọ ìró àgbá tó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n pa dé, wọ́n á sì fi èyí tó ń mi ilẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Nínú àwọn eré tí olóògbé John Tiller ará Amẹ́ríkà ṣe, fáìlì BMP lásán ni àwòrán, fáìlì WAV lásán ni ìró. Ẹni tó bá ní GIMP fún àwòrán àti Audacity fún ìró, tí méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ti Total War le jù bẹ́ẹ̀ lọ: inú àpò ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pack ni wọ́n di gbogbo rẹ̀ sí, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tó ń tú u. Òfin kan ló kárí gbogbo wọn. Fáìlì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tí ti àtijọ́ ń jẹ́, lẹ́tà fún lẹ́tà, nítorí orúkọ ni eré fi ń wá a.

Báwo ni ká ṣe wá pe iṣẹ́ náà? Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ síni lẹ́nu ni «àtúnṣe», àmọ́ àtúnṣe ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe eré bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, tí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ kí ó lè dára, àtúnṣe nìyẹn. Ẹni tó gba eré tí kò ní àrùn kankan lára, tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn nítorí pé ó wù ú, àtúndá ló ṣe. «Àtúndá» ṣe kedere, ó sì rọrùn láti fà jáde: olùtúndá ni ẹni tó ń ṣe é, àtúndá àwòrán àti àtúndá ìró ni ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì. «Mọ́ọ̀dù», tí wọ́n yá láti inú mod ti Gẹ̀ẹ́sì, náà wà fún ẹni tó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n yóò ṣòro kó tó wọ ẹnu ọmọ Ṣakẹ́tẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Láti 1889 tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ààlà láàrin wa, ilé ẹ̀kọ́ méjì ló ń kọ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó wà ní Ìlaròó ní Nàìjíríà ń pe ohun tí kọ̀ǹpútà kó pa mọ́ ní fáìlì, ó ń pe àpò rẹ̀ ní fódà. Ẹni tó wà ní Pobẹ̀ ń pe àkọ́kọ́ ní fichier, ó ń pe èkejì ní dossier. Bí a bá yá ọ̀rọ̀ wọlé láti òkè òkun, apá kan ààlà la yá a fún. Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olótùú apá kejì ní 1990, fi hàn pé a lè na ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, a lè fi àpèjúwe dá tuntun, a sì lè yá. Èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tó máa kọjá ààlà Benin, yíyá ló yẹ kó kẹ́yìn. «Àpò» yé tọ̀tún tòsì. Ní ti fáìlì, kí oníkálukú máa lo tirẹ̀ ná; kò tó nǹkan tí a ń torí rẹ̀ jà.

Oyè ogun nìyí o, ibi tó ti gba ọgbọ́n. Ó máa ń wu àwọn èèyàn láti pe máréṣà Faransé ní Kakaǹfò, nítorí pé orúkọ náà tóbi. Kò bá a mu. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1804, Napoleon fi èèyàn 18 jẹ máréṣà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì di 26 kí ìjọba rẹ̀ tó wó. Ní Ọ̀yọ́, Aàrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kan ṣoṣo ló ń wà lójú ayé. Balógun ló yẹ máréṣà, nítorí ìlú púpọ̀ ló ní Balógun tirẹ̀, ó sì ní Ọ̀tún àti Òsì tó lè dúró fún apá ọ̀tún àti apá òsì ogun. Kakaǹfò yẹ kó wà lọ́tọ̀ fún olórí gbogbo ọmọ ogun nígbà tí ọba kò bá sí lójú ogun. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń ṣọ́ Napoleon fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ ni, láìsí àríyànjiyàn. Àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́ ni Ọ̀yọ́ ní láyé agbára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu wa dòní fún ẹni tó ń dáàbò boni. Àwọn tó dàgbà jù nínú ti Napoleon, Ẹ̀ṣọ́ Àgbà.

Ọwọ́ agbẹ́gilére la ti máa yá ọ̀rọ̀ àwòrán. Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni agbègbè yìí, eré tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àjọni Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gba gbogbo ohun tó bá dé ìlú: kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ òfuurufú, ọlọ́pàá. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ṣí, wọ́n á tún un kùn kí ọdún tó pé. Olùtúndá àwòrán ń ṣe ohun kan náà. Ọmọ ogun tó wà lórí ẹ̀rọ láìsí aṣọ, tó jẹ́ kìkì ìrísí, ère ni. Ohun tó ń jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ kó sì na ọwọ́ ni egungun. Àwòrán pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bò ó lára ni awọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ń kùn ni. Ẹ ò rí i pé kò sí èyí tó ṣàjèjì nínú wọn. Kìkì pé kí èèyàn ṣọ́ ohùn rẹ̀, kó má baà pe awọ ní àwọ̀.

Àwọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń dá ọ̀rọ̀, nítorí wọ́n gbà pé funfun, dúdú àti pupa nìkan ni Yorùbá mọ̀. Kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ aláṣọ òkè. Pupa aṣọ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, àlàárì ni. Búlúù ti ẹlẹ́sẹ̀ Faransé, aró ni; ti Prussia tó dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹtù ni. Ti Rọ́ṣíà jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Ọ́stríà funfun. Kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà mẹ́ta láti 0 dé 255 ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó bá ya fọ́tò àlàárì gidi lè mú nọ́ńbà rẹ̀ lára aṣọ tààrà.

Àtúndá kan tilẹ̀ wà nínú ìtàn tí aṣọ méjì péré tó fún. Ní oṣù Karùn-ún 1802 Napoleon fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí oko ẹrú máa bá a lọ ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lókè òkun. Ní Saint-Domingue, tí à ń pè ní Hàítì lónìí, àwọn èèyàn dìde. Ìtàn Hàítì sọ pé Dessalines, olórí ogun wọn, mú àsíá Faransé ní oṣù Karùn-ún 1803, ó ya funfun àárín rẹ̀ dànù, wọ́n sì rán aró mọ́ pupa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà wọ́n ṣẹ́gun Faransé ní Vertières. «Nago» wà lára orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ẹkùn tiwa lọ síbẹ̀, ìdílé Nago sì wà nínú ẹ̀sìn Hàítì títí dòní, Ògún ni olórí ibẹ̀, pẹ̀lú idà lọ́wọ́ àti aṣọ ológun lọ́rùn. Ítálì, Íjíbítì àti Yúróòpù ni Napoleon: Total War gbé ogun lọ nígbà tó jáde; kò dé Hàítì. Bí olùtúndá Ànàgó kan bá ń wá ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, Vertières ló yẹ kó kọjú sí, kó fi Waterloo sílẹ̀ fún àwọn tó ti túndá rẹ̀ ní ìgbà àìlóǹkà.

Lẹ́tà pẹ̀lú jẹ́ àwòrán, òun sì ni ó le jù. Eré Europa Universalis IV, tí ìtàn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1444 tó sì parí ní 1821, ní Ọ̀yọ́ nínú gẹ́gẹ́ bí ìjọba tí èèyàn lè mú. Àkójọ lẹ́tà tó ń lò, Windows-1252, ní è, é, ò àti ó. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ọmọ Pobẹ̀ tó fẹ́ kọ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Benin kò bọ́ níbẹ̀, nítorí ɛ àti ɔ inú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 1975 kò sí nínú rẹ̀. Olùtúndá á ní láti ya lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Bó bá rò pé kí òun yọ àmì dànù, kó rántí pé Eso Agba lè jẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Àgbà, ó sì lè jẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ àgbá.

Ìró ló kù, ibẹ̀ sì ni Ànàgó ti ní ẹrù jù. Àṣẹ ogun gbọ́dọ̀ kúrú, nítorí eré kì í dúró de gbólóhùn gígùn. Ẹ kì í! Ẹ yìn ín! Ẹ rọ́ lù wọ́n! Nígbà tí ẹlẹ́ṣin bá ń bọ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Waterloo máa ń tò ní igun mẹ́rin, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn níta, ọ̀gá wọn láàrin. «Ẹ tò ní igun mẹ́rin» ti gùn jù. Ẹṣin á ti dé kí ó tó parí. «Ẹ mọdi!» ló dára, odi ni wọ́n sì ń fi ara wọn mọ lóòótọ́. Fún àkọlé fáìlì tí olùtúndá ń kó pa mọ́ fún ara rẹ̀, èdè wa ti pín ìró fún un: àgbá ń bú gbàmù, ẹsẹ̀ ẹṣin ń lọ gìrìgìrì. Ṣùgbọ́n kó má fi dùndún sẹ́yìn ọmọ ogun Faransé. Ìlù tiwọn náà ń pàṣẹ, ó ní bó ṣe ń dún nígbà ìkọlù, kò sì yẹ ká fi tiwa bo ìtàn ẹlòmíì mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lókè òkun ń wá ìró ìbọn olókùúta kiri, nígbà tí àwọn ọdẹ wa ṣì ń yin ṣakabùlà lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ ìsìnkú àgbà ọdẹ. Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́bí ọdẹ láàrin Ọ̀họ̀rí, ní Pobẹ̀ tàbí ní Ṣakẹ́tẹ́, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ dúró lẹ́yìn ẹni tó ń yìn ín, ẹ gbé ẹ̀rọ kan sí tòsí, kí ẹ gbé òmíràn sọ́nà jíjìn nítorí ti tòsí lè fọ́. WAV ni kí ẹ fi gbà á, ní ìwọ̀n 44,100 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, ẹ ní kí ọdẹ náà mú ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́, kó dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu dé ìdí.