Campanino Ló Ṣáájú Ponti

Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ àga onígi ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n fi ń jẹun, kì í pẹ́ tí yóò fi dárúkọ Superleggera. Ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé Gio Ponti, ayàwòrán-ilé ará Milan, ló gbé e jáde látinú ọpọlọ ara rẹ̀ lọ́dún 1957. Ìtàn yẹn fi ẹ̀tọ́ àwọn káfíńtà kan dù wọ́n.

Chiavari ni orírun àga náà, ìlú kékeré kan tó wà létí òkun ní agbègbè Liguria. Lọ́dún 1807, Stefano Rivarola, ọ̀tọ̀kùlú ìlú ọ̀hún, gbé àga kan tó wá láti Paris fún Giuseppe Gaetano Descalzi, tí wọ́n ń pè ní Campanino, pé kó ṣe irú rẹ̀. Campanino ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yọ ọ̀ṣọ́ tó wúwo kúrò, ó fá ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi di tẹ́ẹ́rẹ́, ó wá hun ìjókòó rẹ̀ mọ́ igi gan-an. Àga náà fúyẹ́, síbẹ̀ kò ṣẹ́. Láìpẹ́, àwọn oníṣẹ́ igi mìíràn nílùú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Èyí ni Ponti rí tó mú ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi í pamọ́. Òun àti ilé iṣẹ́ Cassina ní Meda kọ́kọ́ ṣe Leggera, kí wọ́n tó ṣe Superleggera.

Mi ò ní kí a gba iyì Ponti lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ẹ wo ẹsẹ̀ àga rẹ̀ dáadáa: igi ash ni, ó ní igun mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ju mílímítà 18 lọ. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi hun ìjókòó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ kílò 1.7, ọmọdé á fi ìka kan gbé e. Iṣẹ́ ọwọ́ Ponti nìyẹn. Ṣùgbọ́n èrò pé kí a gé gbogbo igi tí kò gbé ẹrù kúrò lára àga, Campanino ti ní in ní àádọ́jọ ọdún ṣáájú rẹ̀.

Orúkọ ìlú yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wa pàápàá: Chiavari ni àwọn tó ń yá àga fún ìnáwó l'Ékòó ń pe àga aláwọ̀ wúrà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta Superleggera, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ orúkọ Descalzi sí ẹ̀gbẹ́ ti Ponti.