Àtúnlò ohun ilé nílẹ̀ Yorùbá

Àtúnlò ohun ilé ni àṣà fífún ohun tó fọ́, tó gbó tàbí tó ṣẹ́ kù ní iṣẹ́ mìíràn kó tó kan ààtàn. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí àṣà yìí. Ìkòkò tó bá fọ́ ti di àpáàdì. Aṣọ tó bá gbó ti di àkísà. Àkísà tí a ká róbótó láti fi ru ẹrù di òṣùká. Ohun tó kù lẹ́yìn tí a ti fún epo pupa ni ihá, ihá yìí ni a sì ń fi ṣe ògùṣọ̀. Èésan, ìyẹn èèpo ekùrọ́, ń bá alágbẹ̀dẹ dáná. Eèrí ògì jẹ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Orúkọ ọ̀tọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ní kí a bá òun wá àpáàdì, ohun èlò ló ń wá.

Àpáàdì

Àpáàdì ló fi ẹ̀rí tó pọ̀ jù lọ sílẹ̀, torí pé amọ̀ tí iná ti sun kì í jẹrà. Kí ìṣáná tó wọ́pọ̀, àpáàdì ni àwọn ọmọdé ń mú dání lọ fọn iná nílé aládùúgbò. Òun ni a fi ń jó ẹ̀tù lórí iná, òun náà ni a ń bu omi sí fún adìẹ. Àwọn amọ̀kòkò pàápàá kì í kóyán ìkòkò àlòkù kéré. Ní Ìlọrin, wọ́n máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀, kí wọ́n tẹ́ amọ̀ tútù lé ìdí rẹ̀ títí tí amọ̀ náà yóò fi gba àwòrán rẹ̀. Ìkòkò àná ló ń bí tòní.

Ilé-Ifẹ̀ ni àpáàdì ti gba ipò tó ga jù. Nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ níbẹ̀ sí. Àgbàlá, ojúbọ àti ọ̀nà ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà ní pẹlẹbẹ. Ńṣe ni wọ́n gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ti èkejì, ìlà kan dagun sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e dagun sósì, bí eegun ẹja. Níbòmíràn, wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín ìlà àpáàdì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé oníṣẹ́ ọnà ló tẹ́ ẹ. Nǹkan kejì tún wà: ilẹ̀ tí a tẹ́ báyìí kì í tètè di ẹrẹ̀ lákòókò òjò, kì í sì í rọrùn fún àgbàrá láti wọ́ ọ lọ. Leo Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì, rí ilẹ̀ àpáàdì nígbà tó dé Ifẹ̀ ní 1910. Àwọn awalẹ̀pìtàn méjì tẹ̀ lé e: Frank Willett wa ilẹ̀ Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ láti 1957, Peter Garlake sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbalára àti Wóyè Aṣírí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n ti rí irú ilẹ̀ yìí ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, ní Benin àti ní Tógò.

Ìtàn ẹnu Ifẹ̀ sọ pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí a tẹ́ ọ̀nà ìlú, torí pé kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan erùpẹ̀. Bí ìtàn yìí ṣe bá ọdún tí àwọn awalẹ̀pìtàn fún ilẹ̀ náà mu kò tíì yanjú. Àríyànjiyàn tún wà lórí ibi tí àpáàdì náà ti wá. Àwọn kan gbà pé ìkòkò tó fọ́ nínú ilé ni wọ́n kó jọ. Àwọn mìíràn wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì rò pé ó ṣeé ṣe kí àwọn amọ̀kòkò ti kó èyí tó là nínú iná wá, tàbí kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwọn kan fún iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n lò, pé ibì kan kò sì bá ibòmíràn dọ́gba. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ ka amọ̀ tó fọ́ sí ohun tó yẹ ààfin.

Eérú

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdì ẹyìn tí a ti yọ ẹyìn inú rẹ̀, àti èèpo kòkó láti ìgbà tí kòkó ti dé ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo wọn ni a ń sá kí wọ́n gbẹ, kí a tó sun wọ́n di eérú. A ó kó eérú náà sínú ìkòkò tó nihò nídìí, a ó da omi lé e, omi yóò sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni a ń sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa títí yóò fi ki, tí yóò di ọṣẹ dúdú. Òun náà ni aláró ń da ewé ẹ̀lú sí kí aró lè yọ. Samuel Johnson mẹ́nu ba iṣẹ́ ọṣẹ àti aró nínú ìwé ìtàn rẹ̀, The History of the Yorubas, tó jáde ní 1921. Àwọn obìnrin ló sì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì jù.

Aṣọ

Aṣọ àgbà di ìlédìí ọmọ, ìlédìí di aṣọ ìnulẹ̀. Nínú ẹ̀kú egúngún, ìdílé máa ń fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́, débi pé ti àwọn baba ńlá wà nísàlẹ̀ tí tuntun sì wà lókè.

Àgólò àti ìgò

Àgólò tòmátì De Rica di òṣùwọ̀n lọ́jà, a sì ń pè é ní dẹ́ríkà. Àgólò mílíìkì náà di òṣùwọ̀n fún ìrẹsì àti ẹ̀wà. Àwọn tíńkà ń fi páànù àgólò ṣe fìtílà. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin kan gé àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára páànù tó wà nínú àpótí tíì tàbí ti sìgá. Ìgò ọtí di ìgò epo, ìgò ẹ̀pà.

Ìlú ńlá

Ọ̀rá àti ìgò oníke kò rí orúkọ kejì bíi ti àpáàdì, èyí sì wà lára ìṣòro wọn. Ààtàn Olúsósùn ní Èkó, níbi tí irú wọn kó jọ sí, bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ńlá ṣẹ́ yọ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ àtúnlò Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní 2012, ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gba ike àti àgólò lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ó sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de àwo onífóòmù tí a fi ń ta oúnjẹ. Àwọn tó ń ta mọ́ínmọ́ín ewé kò ní ohunkóhun láti yí padà.