Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Ni Wọ́n Jogún

Ní Festac l'Ékòó tí mò ń gbé, tí wọ́n bá ti ní wọ́n gbé èèyàn lọ sí "Yaba Left", ìyẹn ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yaba, ojú ti gbogbo ará ilé onítọ̀hún nìyẹn. Ìtìjú yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ gbé aláìsàn wọn gba ibòmíràn. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ti gba ibòmíràn yẹn lọ, tí nǹkan ti wá bàjẹ́ sí i, ni mo fi ayé mi tọ́jú.

Ọmọ aládùúgbò wa kan wà lára wọn. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, kì í sùn, kì í wẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé àdúrà kan. Wọ́n ní kó máa gbààwẹ̀, wọ́n fi ìgbálẹ̀ nà án kí ẹ̀mí òkùnkùn lè jáde, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó. Nígbà tí ìyá náà fi máa ránṣẹ́ pè mí, irin ti jẹ wọ inú ẹran ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ojú egbò náà, eṣinṣin ń bà lé mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ìyá rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní tí a bá tú u, ẹ̀mí yẹn á gbé e wọgbó." Mi ò bínú sí i. Ìyá tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ara ọmọ lè yá kì í ṣe òǹrorò. Àwọn tó gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo bínú sí, inú mi ò sì tíì rọ̀ títí dòní.

Àwọn kan á ní ìwà àwọn baba wa ni fífi irin de aláìsàn. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Lóòótọ́ ni àwọn oníṣègùn àtijọ́ ń kan àbà mọ́ asínwín lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń nà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní oògùn lọ́wọ́. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ń fún aláìsàn mu. Oorun tó máa ń gbé e lọ kì í ṣe kékeré, tó bá sì jí, ara rẹ̀ á ti balẹ̀. Nígbà tí ó bá gbádùn tán, wọ́n á mú un lọ sódò, wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, odò á gbé aṣọ àìsàn lọ, òun náà á padà sílé sáàárín ẹgbẹ́.

Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine lára igi tó jẹ́ ẹbí asofẹ́yẹjẹ, tó ń hù ní Íńdíà. Kò pẹ́ tó fi di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti wèrè káàkiri ayé. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta, wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní 1960 pé àwọn oníṣègùn wa ń fi tiwọn wo wèrè. Asofẹ́yẹjẹ léwu o: tó bá ti pọ̀ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè dé bá ẹni tó mu ún. Kí ẹnikẹ́ni má lọ rà á lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́jà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìmọ̀ wà níbẹ̀.

Ìjọba amúnisìn ní tirẹ̀ kọ́ àhámọ́. Ní October 1907 ni wọ́n ṣí ti Yaba, obìnrin 8 àti ọkùnrin 6 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí dókítà ọpọlọ kankan níbẹ̀. Lantoro l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lókè òkun lọ́hùn-ún, Egas Moniz ará Pọ́túgà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sí agbárí èèyàn ní 1935 láti ba iṣan iwájú ọpọlọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe é fún di ẹni tí kò lè dá ronú mọ́; síbẹ̀ wọ́n fún Moniz ní ẹ̀bùn Nobel ní 1949. Èyí tó dùn mí jù ni ti J. C. Carothers, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, tó kọ ọ́ ní 1951 pé ọmọ Áfíríkà tí ara rẹ̀ le koko dà bí Òyìnbó tí wọ́n ti gé iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún àṣà gbogbo aláwọ̀ dúdú ní 1977 ni mò ń gbé. Ọdún 26 péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ yẹn àti àjọ̀dún náà.

Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Abẹ́òkúta, ló fi iṣẹ́ dá irú àwọn Carothers lóhùn. Ní 1954, tí wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn Aro tán, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí i ká. Ó ní kí mọ̀lẹ́bí kan tẹ̀ lé aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó sì máa sìn ín wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Àwọn òyìnbó wá láti ibi gbogbo wá wo bó ṣe ṣe é. Nínú ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, ó mú ẹbí, ó mú ìmọ̀, ó pa irin tì. Àwọn oníjìbìtì tiwa mú irin, wọ́n pa ìyókù tì.

Irin náà ò sì tíì tán. Àjọ Human Rights Watch wọ ibi ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà láàárín 2018 sí 2019, ìròyìn tí wọ́n gbé jáde kún fún àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Ní January 2023 ni ààrẹ tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò ti 1958. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin kì í fún èèyàn lóògùn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin fi nọ́ọ̀sì kan tó mọ iṣẹ́ yìí sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kọ̀ọ̀kan, kí oògùn má wọ́n níbẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́ àga sílẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí tó bá sin aláìsàn wá. Mo ti sọ ọ́ fún káńsẹ́lọ̀ wa, mo sì máa tún un sọ.