Ta ló ń pàṣẹ fún navigateur inú kọ̀ǹpútà wa?



Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra mégà sórí fóònù, tí a ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn láti fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́. Kí a tó parí, mégà ti tán. Nígbà mìíràn, navigateur tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gba mise à jour lábẹ́lẹ̀, tí kò bi wá. Àṣà yìí ní ìtàn.

Nígbà tí Netscape Navigator jáde ní ìparí 1994, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló ń pinnu. Bí ẹ̀dà tuntun bá dé, ẹni tó bá wù ló ń lọ mú un. Ṣùgbọ́n òmìnira yẹn ní ewu tirẹ̀. Microsoft gbé Internet Explorer 6 jáde ní 2001. Ọdún márùn-ún kọjá kí ẹ̀dà 7 tó dé ní 2006. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kúrò lórí 6, bẹ́ẹ̀ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti mọ gbogbo àlàfo ara rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà oko.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, Google mú Chrome dé. Òun kì í béèrè: ó ń gba ẹ̀dà tuntun fúnra rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ní 2009, Thomas Duebendorfer ti Google àti Stefan Frei ṣe ìwádìí. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọjọ́ 21 tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, 97 nínú 100 àwọn tó ń lo Chrome ti ní in. Ti Firefox, tó máa ń sọ fún ènìyàn ná, jẹ́ 85. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ Chrome nídìí.

Firefox náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ̀dà 4 jáde ní oṣù Kẹta 2011, ẹ̀dà 5 sì dé ní oṣù Kẹfà. Bí 5 ṣe dé báyìí, àtúnṣe dópin fún 4. Àwọn ilé iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dán nǹkan wò kí òṣìṣẹ́ tó lò ó fárígá. Ní oṣù Kìíní 2012, Mozilla dá wọn lóhùn pẹ̀lú Firefox ESR: ó ń wà bó ṣe wà fún bí ọdún kan, àtúnṣe ààbò àti ti àṣìṣe ńlá nìkan ló ń wọlé. Òun ni Debian ń lò títí dòní.

Ẹni tí mise à jour abẹ́lẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu, ESR ni kó yàn. Nínú Paramètres, lábẹ́ Général, ẹ sọ fún un pé kó máa wo bóyá tuntun wà, ṣùgbọ́n kó bi yín kó tó fi í sí i. Lórí Windows, ẹ tún mú àmì kúrò lójú èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Firefox wà ní títì. Chrome kò ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ nínú Paramètres rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tì í pa pátápátá o. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí mégà bá pọ̀, kí ẹ gba àtúnṣe yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jókòó sórí Internet Explorer 6 tó ẹ̀kọ́.

Èwo ni ẹ̀yin ń lò nílé?