Ẹnu Ìlọrin Nínú Orin: Ohun tí Rẹ́kọ́ọ̀dù Lè Jẹ́rìí Sí

Òpìtàn tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ìlọrin ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960 kò ní ẹ̀rí púpọ̀ lọ́wọ́. Àwọn àlùfáà Ìlọrin kọ̀wé lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, ìwé kì í sì í jẹ́ kí á gbọ́ ohùn ẹni tí ó kọ ọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn olórin dàdàkúàdà ni ó súnmọ́ ohun tí à ń wá jù lọ. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á gbà wọ́n ní ẹlẹ́rìí? Iyèméjì tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ìlú a máa pòórá nígbà tí ènìyàn bá ń kọrin. Ohun tí a pè ní ẹnu ìlú níhìn-ín ni ọ̀nà ìpe-ọ̀rọ̀ tí a fi ń mọ ibi tí ènìyàn ti wá kí ó tó dárúkọ ìlú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá kan nínú ẹnu ìlú wà nínú lílọ sókè sódò ohùn àti nínú bí a ti ń fa fáwẹ̀lì gùn tó. Orin ní lílọ sókè sódò tirẹ̀, ó sì ní gígùn tirẹ̀; bí ó bá ti gba ipò méjèèjì, ohun tí ìlú fi sínú wọn kò rí àyè mọ́. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó. Ní 1983, Peter Trudgill ṣàlàyé pé àwọn akọrin Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn Beatles láti Liverpool wà lára wọn, gbìyànjú láti máa pe ọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà nínú àwo orin wọn ìṣáájú, nítorí pé Amẹ́ríkà ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àṣà náà ń dínkù.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lára ọ̀rọ̀ Yorùbá. Òun ni ó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìtàn orin ìjọ Kristẹni fi èyí hàn kedere. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí ohùn orin bá wálẹ̀ níbi tí ọkọ́ ti yẹ kí ó gòkè, ọkọ̀ ni etí yóò gbọ́, àgbẹ̀ a sì di awakọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹnu Ìjẹ̀bú tàbí ti Ọ̀yọ́ nìkan ni ó pòórá nínú irú orin bẹ́ẹ̀. Yorùbá fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Àwọn kan kò gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, lo ohùn orin ìbílẹ̀ fún orin ìjọ. T. K. Ekundayo Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, sì tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, pé kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ohun tí ohùn orin kò gbà kì í sọnù fúnra rẹ̀. Ará Ìbàdàn tí ó ń pe iṣu ní isu, tàbí ará Èkìtì tí ó ń pe ilé ní ulé, kò rí ìdí kankan nínú ohùn orin tí yóò fi yí i padà. Bí ó bá yí i padà, ó yàn bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Oǹdó ni King Sunny Ade, síbẹ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀. Ní Ìlọrin, ẹni tí ó ń fi ẹnu Yorùbá pe àlùbáríkà àti wákàtí ní ọjà yóò pe lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ìlànà tajwīd fi í sí nígbà tí ó bá ń ké Kùránì. Àwọn àlùfáà kò ní gbà kí á pe kíké yẹn ní orin, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nìkan kò lè fi mọ bí olúwarẹ̀ ti ń nájà.

Dàdàkúàdà yàtọ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń darí rẹ̀, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ sì súnmọ́ ìsàré ju orin lọ. Nítorí náà, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí a bá gbọ́ lẹ́nu Odolaye Aremu, tí ó kú ní 1997, ṣeé gbà ní ẹ̀rí ju ti orin ìjọ lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ tí ó yàn ni ó yẹ kí á ṣọ́ra fún. Rẹ́kọ́ọ̀dù kì í dúró sí Ìlọrin. Olórin tí ó mọ oníbàárà rẹ̀ yóò dín ọ̀rọ̀ tí ará ìta kò gbọ́ kù. Ìlọrin pàápàá kì í ṣe ìlú ẹnu kan: ìran Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti Kànúrí ti ń gbé papọ̀ níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú ọmọ wọn ń sọ báyìí. Ẹnu olórin kan kò lè dúró fún Gàmbàrí àti Ajíkòbí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀rọ̀ tàbí ìró Ìlọrin bá hàn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, kí á gbà pé wọ́n ń lò ó nígbà náà. Bí a kò bá gbọ́ ọ níbẹ̀, kí á lọ bi àwọn àgbà tí ó ṣì wà ní agbo-ilé, kí á tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí.